Ẹni Tó Mọ Ohun Tí A Fẹ́ Ṣe, Ṣé Ó Ti Gba Yíyàn Lọ́wọ́ Wa?

Kíkà Bíbélì: 1 Sámúẹ́lì 23, ẹsẹ 1 sí 14, Jónà 3.

  Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ètò ìwé ìrántí yìí ló ní kí àwa tí à ń bójú tó ẹ̀kọ́ Bíbélì kọ ẹ̀kọ́ kan sínú rẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé ọpẹ́ ni a ó kọ lé lórí, nítorí ọpẹ́ ló yẹ ọjọ́ bí èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì dáhùn, ó sì ń jẹ wá lọ́kàn.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa, tó wà ní yunifásítì, ló béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọpọlọ ènìyàn, tí wọ́n sì lè sọ ohun tí ẹni náà yóò yàn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti yàn án. Ó ní fóònù tó wà lọ́wọ́ wa náà mọ ohun tí a fẹ́ rà kí a tó rà á. Ó wá wò wá lójú, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àwọn wòlíì wa náà ń rí ohun tí a ó ṣe kí a tó ṣe é. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣé èmi ni mo wá yàn án? Nítorí kí ni Ọlọ́run yóò ṣe dá mi lẹ́jọ́ lé e lórí?"

Gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Ẹnì kan ní kí a kọrin. A kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí ìbéèrè náà fi gún wa ní kókó àyà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ìkórè. Nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, ó ti jẹ gbèsè rí, ó sì ti purọ́ lórí gbèsè náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ní ìsọ́ òru kan, arábìnrin kan ríran. Ó ní òun rí ọwọ́ kan nínú àpótí owó, aago sì wà lọ́rùn ọwọ́ náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tó máa ń dé aago nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́? Gbogbo ojú yí sí i. Ní ọjọ́ kejì, àwa ìgbìmọ̀ pè é, a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kí ó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A kò tíì ka owó náà nígbà yẹn. Nígbà tí a kà á tán, ó pé pérépéré, kọ́bọ̀ kan kò dín. Kí a tó délé rẹ̀ láti sọ fún un, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ sí ìlú mìíràn. Ìyá rẹ̀ ṣì ń jókòó sórí àga kejì lápá òsì ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo, kò sì bá wa sọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin yìí béèrè ìbéèrè rẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ òyìnbó. Àwa náà ti sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe, a sì ti fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́ kó tó ṣe é. A wá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, a ní kí àwọn ọmọ wa tó kàwé tú àwọn ìwé náà fún wa. Ohun tí a rí nìyí.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àgbà wa ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti wo ìwà ọmọ náà, ó sì ti sọ ohun tí yóò dà. Kò lo ẹ̀rọ kankan. Ìyá olóúnjẹ tó wà ní ẹnu ọ̀nà ọjà mọ̀ pé bí Bàbá Olùkọ́ bá dé lówùúrọ̀, iyán ni yóò jẹ, kì í ṣe ìrẹsì. Ó tilẹ̀ ti bu ọbẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ṣé Bàbá Olùkọ́ kò wá yan iyán fúnra rẹ̀ ni? Òun ló yàn án. Ìyá olóúnjẹ kàn mọ̀ ọ́n ni. Bó bá wù ú lọ́la kó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀bà, ìyá náà yóò da ọbẹ̀ padà sínú ìkòkò ni.

Ohun tí ìyá olóúnjẹ ń fi ojú ṣe, kọ̀ǹpútà ń ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2013, àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Michal Kosinski, David Stillwell àti Thore Graepel, tẹ iṣẹ́ kan jáde láti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 58,000 jọ, àwọn tó fínnú-fíndọ̀ gbà kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ti fi ọwọ́ tẹ̀ lórí Facebook pé àwọn fẹ́ràn. Láti inú ohun tí wọ́n fẹ́ràn wọ̀nyí nìkan, orin, oúnjẹ, eré ìdárayá, ẹ̀rọ náà gbìyànjú láti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá gbé Kristẹni kan àti Mùsùlùmí kan síwájú rẹ̀, nínú ìgbà 100, bí ìgbà 82 ni yóò mọ èwo ni èwo. Ẹ kíyè sí i, kò sí ẹni tó bi àwọn ènìyàn náà léèrè ẹ̀sìn wọn. Ìṣesí wọn ló tú wọn fó.

Ìgbà 18 yòókù ńkọ́? Ibẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dúró sí díẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí kì í mọ ènìyàn kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mọ̀. Ó lè sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ṣe bí o ti ń ṣe, ọgọ́rin ni yóò ṣe báyìí. Kò lè fi ìka kàn ọ́ pé inú ọgọ́rin ni o wà tàbí inú ogún. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ń wo bí a ṣe ń lo fóònù wa kí wọ́n tó pinnu bóyá a ó san án padà. Èyí dára fún wọn, nítorí bí wọ́n bá ṣì mú ogún ènìyàn, èrè ọgọ́rin tó kù yóò bò ó. Ìjọ Ọlọ́run kò lè ṣírò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí a ṣì mú lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ìyá kan ni.

A kò fẹ́ dá sí òṣèlú nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kan wà nílé tí a kò lè fò. Ilé iṣẹ́ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan rí, tó ń jẹ́ Cambridge Analytica, máa ń yangàn nígbà náà pé àwọn lè fi ìwà ènìyàn mọ ibi tí yóò dìbò sí, kí àwọn sì yí i lọ́kàn padà. Ní 2018 ni àwọn ìwé ìròyìn tú àṣírí rẹ̀ pé olówó ọmọ Nàìjíríà kan ti háyà wọn nígbà ìdìbò 2015 kí wọ́n lè ran Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ́wọ́. Ìdìbò dé, Muhammadu Buhari ló wọlé. Ẹ̀yin ará Èkìtì sì rántí pé ní gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, Èkìtì nìkan ṣoṣo ni Jonathan ti borí lọ́dún náà. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, ní June 21, 2014, gómìnà tó wà lórí àléfà ní ìpínlẹ̀ wa fìdí rẹmi ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ní 2018, ọkùnrin yìí kan náà tún wọlé padà. Ẹ wá sọ fún wa, ìwà wo ni ẹnì kan ìbá wò kó tó lè sọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀?

Ohun kan wà tí ìwà kò lè fi hàn rárá, ìyẹn ni ọjọ́ tí ènìyàn yóò yí padà. Ẹ wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní 1928, òun ni awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì ń gba owó oṣù. Bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ kan dé òmíràn, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí yóò máa kọ ni pé lówùúrọ̀ ọ̀la yóò tún gun ẹ̀rọ rẹ̀. Yóò gbà á ní ọjọ́ kìíní, yóò gbà á ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ní oṣù October ọdún náà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ kọ̀, ó gbọ́ ìpè, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1930, ẹgbàágbèje ènìyàn ti ń rọ́ tọ̀ ọ́ lọ ní Òkè Ooyè ní Iléṣà, kó tó wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ilẹ̀ wa níbí. Àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn kò parọ́. Kò kàn mọ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ọpọlọ wàyí. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á. Iná mànàmáná kékeré kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ gbogbo wa, ó kéré dé ibi pé kò lè tan gílóòbù. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ló kọ́kọ́ rí i gbà sílẹ̀ láti ìta orí ènìyàn ní 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Wáyà kéékèèké ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ orí. Kò dunni, kò sì gbé nǹkan kan wọnú orí. Irú ẹ̀rọ yìí ni àwọn dókítà fi ń wo ọpọlọ ẹni tí wárápá ń ṣe títí di òní.

Ní 1965, àwọn ará Jámánì méjì, Hans Kornhuber àti Lüder Deecke, rí i pé kí ènìyàn tó mi ọwọ́ fúnra rẹ̀, iná inú ọpọlọ á ti máa gbéra díẹ̀díẹ̀ ṣáájú, bí ẹni ń múra ìrìn. Benjamin Libet ní San Francisco ní Amẹ́ríkà wá béèrè ìbéèrè kan lé e lórí: ìgbà wo ni ẹni náà mọ̀ pé òun fẹ́ mi ọwọ́? Ó ní kí àwọn ènìyàn jókòó, kí wọ́n máa mi ọwọ́ nígbàkúùgbà tó bá wù wọ́n. Aago kan wà níwájú wọn tí iná kékeré kan ń sáré yí i po, ìṣẹ́jú àáyá 2.56 ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹni náà á wo ibi tí iná wà nígbà tí ọkàn rẹ̀ sọ pé "ó yá," á sì sọ ọ́. Ohun tí Libet tẹ̀ jáde ní 1983 ni pé ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí múra ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ó lé díẹ̀ kí ọwọ́ tó mì. Ẹni náà kò mọ̀ pé òun fẹ́ mi ọwọ́ títí di ìgbà tó ku bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ọpọlọ ti wà lójú ọ̀nà kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ pé ìrìn ń bẹ.

Ohun tí àwọn ènìyàn fi dẹ́rù ba ọmọ wa nìyẹn. Àwọn mìíràn tún fi kún un. Ní 2008, Chun Siong Soon, John-Dylan Haynes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì gbé ènìyàn 14 sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n yan bọ́tìnnì ọ̀tún tàbí ti òsì bó ti wù wọ́n. Wọ́n sọ pé láti bí ìṣẹ́jú àáyá 7, bóyá ó tilẹ̀ tó 10, ṣáájú kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun ti yàn, àwọn ti lè fi àwòrán náà sọ ọwọ́ tí yóò lò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá! Ènìyàn lè ti sọ Àmín nígbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbà á. Nínú 100, bí 60 ni. Ẹni tó di ojú, tó kàn ń pe "ọ̀tún, òsì," yóò gba 50. Mẹ́wàá péré ni gbogbo ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn fi ju afọ́jú lọ.

A kò gbọdọ̀ fi èyí tó lágbára jù pamọ́ fún yín. Ní 2011, Itzhak Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn aláìsàn wárápá 12. Àwọn dókítà ti fi wáyà sínú ọpọlọ wọn nítorí ìtọ́jú. Láti inú lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́ ìró àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ó sì ṣeé ṣe fún wọn láti mọ̀ pé ẹni náà fẹ́ mi ọwọ́, wọ́n sì gbà á ju ìgbà 80 lọ nínú 100, ní bí ìdá 7 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ pé òun ti pinnu. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá ní kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kà á.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí gan-an? Ní 2012, Aaron Schurger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gbé ìtumọ̀ mìíràn kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣàlàyé rẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá ru garawa omi láti odò bọ̀ wálé, omi náà ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún ní gbogbo ọ̀nà. Ó máa ń dé ìgbà kan tí díẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Bí o bá wá fi ojú wo ẹ̀yìn láti ìgbà tó dà, ìwọ yóò rí i pé omi ti ń gbéra sí apá ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dà. Wàá ní, "Hẹn-ẹ́n, omi ti pinnu láti ìgbà yẹn." Irọ́ ni. Omi kàn ń mì ni. Gbogbo ìgbà tó gbéra tí kò dà ni o kò kà. Schurger ní bẹ́ẹ̀ ni iná ọpọlọ ṣe ń lọ sókè sódò láìsí ìdí kan pàtó, nígbà tí a bá sì ní kí ènìyàn mi ọwọ́ láìnídìí, ìgbà tí iná náà bá ga díẹ̀ ni ọwọ́ sábà máa ń mì.

Láìnídìí, a fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ta ni yóò dúró níwájú Ọlọ́run nítorí pé ó mi ọwọ́ ọ̀tún dípò òsì? Uri Maoz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ronú kan ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde ní 2019. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yan ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n máa fún ní dọ́là 1,000. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n yàn kò ní yí nǹkan kan padà, nítorí iye kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì yóò gbà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èyí tí wọ́n bá yàn lè gba owó ńlá náà, ti èkejì á sì pòfo. Nínú yíyàn tí kò já mọ́ nǹkan, ìmúra iná ọpọlọ tí Libet rí wà níbẹ̀ kedere. Nínú yíyàn tó ní láárí, tí wọ́n ní láti rò ó, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n sọ pé ó gba yíyàn lọ́wọ́ wa, ibi tí yíyàn ti ṣe pàtàkì gan-an ni ojú rẹ̀ ti ṣú.

Libet fúnra rẹ̀ kò sọ pé ènìyàn kò ní agbára láti yàn. Ó ní nínú ìwọ̀nba àkókò tó kù lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti mọ̀, ó ṣì lè kọ̀. Ní 2016, àwọn kan ní Berlin, Haynes sì wà nínú wọn, dán èyí wò. Wọ́n fi ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe eré ìje. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ iná ọpọlọ. Bó bá rí i pé ẹni náà ti ń múra láti fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, á tan iná pupa pé kó dúró. Ó dúró lóòótọ́. Ìmúra ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ti rí i, síbẹ̀ ẹni náà lè fà sẹ́yìn títí di ìgbà tó bá ku bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà tí ìyẹn bá kọjá, ẹsẹ̀ á ti gbéra, kò ṣeé dá padà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọwọ́ sókè rí láti fọ́ ọmọ létí, tí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ìdá kan nínú márùn-ún yẹn wà. Kò fẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni.

Kí ni àwọn baba wa wí sí ọ̀rọ̀ yìí kí Ìhìnrere tó dé? Àwa kò sí lọ́nà yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa. Wọ́n ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Wọ́n gbà pé ohun tí ènìyàn yóò dà ti wà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n pè é: ohun tí a kúnlẹ̀ yàn. Kódà ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, wọn kò lè mú "yàn" kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí ya àwa náà lẹ́nu nígbà tí a rò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí 1 Sámúẹ́lì 23 wàyí. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti yé wa jù. Dáfídì gba àwọn ará Kéílà lọ́wọ́ àwọn Filísínì tó ń jà wọ́n lólè ọkà. Ó wọ ìlú wọn. Sọ́ọ̀lù gbọ́, ó ní ọwọ́ òun tẹ̀ ẹ́. Dáfídì ní kí Ábíátárì mú éfódù wá, ó bi Olúwa ní ìbéèrè méjì: ṣé Sọ́ọ̀lù yóò wá? Ṣé àwọn ará Kéílà yóò fi òun lé e lọ́wọ́? Ìdáhùn méjèèjì ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó dájú, kò ní yẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúkú ni. Kí ni Dáfídì wá ṣe? Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, bí ẹgbẹ̀ta, dìde, wọ́n kúrò níbẹ̀. Sọ́ọ̀lù gbọ́ pé ó ti lọ, kò wá mọ́. Àwọn ará Kéílà kò sì fi ẹnikẹ́ni lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ṣé Ọlọ́run wá parọ́ ni? Ká má rí i! Ó sọ ohun tó wà nínú ọkàn àwọn ènìyàn náà bí ọ̀nà bá lọ bó ti ń lọ. Ó sì sọ ọ́ fún Dáfídì kí Dáfídì lè rí ibi tí yóò gbà. Ẹ tún kíyè sí i pé Dáfídì kò dúró kí ó pa àwọn ará Kéílà nítorí ohun tí wọn kò tíì ṣe. Kò bú wọn. Kò gba kọ́kọ́rọ́ ìlú lọ́wọ́ wọn. Ó kàn jáde lọ ní tirẹ̀. Ní ti Nínéfè, ẹ ó kà á fúnra yín nínú Jónà 3: ogójì ọjọ́ ni wọ́n fún wọn, wọn kò sì parun, nítorí pé wọ́n yí padà. Jónà nìkan ni inú bí pé àsọtẹ́lẹ̀ òun kò ṣẹ. Jónà sì pọ̀ láàárín wa o. Wòlíì tó ń wá kí ìran òun ṣẹ ju kí arákùnrin òun yè lọ.

Nígbà tí a ka ibẹ̀ tán nínú ìgbìmọ̀ wa, a kò lè wo ojú ara wa. Arábìnrin tó ríran lálẹ́ ọjọ́ yẹn wà níbẹ̀. Ó ní, "Mo sọ ohun tí mo rí. Ọwọ́ ni mo rí, n kò rí ojú." Òótọ́ ló sọ. Àwa la fi ojú sí i. Gbèsè tí ọmọ yẹn jẹ nígbà tó wà nílé ìwé ni a gbé lé ìran náà lórí, bí ẹ̀rọ Cambridge ṣe ń gbé orin lé ẹ̀sìn lórí. A kò béèrè bí Dáfídì ti béèrè. Bóyá ìkìlọ̀ ni ìran náà pé kí á ka owó kí ilẹ̀ tó ṣú. Bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ni, tó gbọ́ ìran náà, tó sì fà á sẹ́yìn nínú ìdá kan nínú márùn-ún tirẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n di òní.

Láti ìgbà náà, a ti fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ìjọ yìí, tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ìjọ tó wá bá wa ṣe àjọyọ̀ gbé yẹ̀ wò. Bí ìran bá dé nípa ohun tí ẹnì kan yóò ṣe, ẹni náà nìkan ni a ó sọ ọ́ fún, ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni fún un ní àtùpà. A kì í gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í ní kó gbààwẹ̀ nítorí ohun tí kò tíì ṣe. Owó, ènìyàn mẹ́ta ló ń kà á lójú kan náà, ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́. Àwọn kan nínú wa rò pé èyí fi àìgbàgbọ́ hàn sí iṣẹ́ ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín wa, a kò sì ní díbọ́n pé ó ti tán.

Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè ka ìwé yìí kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó ní a ti dáhùn ti ẹ̀rọ, a sì ti dáhùn ti wòlíì, ó ku ti Ọlọ́run, nítorí Ọlọ́run kì í gba 60 nínú 100. A sọ fún un pé bí ìyá olóúnjẹ bá mọ̀ dájúdájú pé iyán ni Bàbá Olùkọ́ yóò jẹ, tí kò ṣì í rí, Bàbá Olùkọ́ náà ṣì ni ó pàṣẹ iyán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò rò ó. A kò tíì gbọ́ ohun tó rò.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, a kọ lẹ́tà sí i lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i, a tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ, a sì pè é wá sí àjọyọ̀ yìí. Kò fèsì. Àwọn kan ní àwọn mọ̀ ọ́n, kò ní wá. A ti gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ẹ má ṣe jókòó síbẹ̀ títí ìsìn yóò fi parí.